Ohun Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Àbẹ́là Kọ

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe oníwàpẹ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó gbogbo sùúrù tó wà nínú ìdílé wa, kò sì ṣẹ́ èyí tó tó nǹkan kù fún mi.

Ibi tí wọ́n ti ń di ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń gé etí ìwé, tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Onígègé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí tó bá fi gègé kọ orúkọ rẹ sórí àpò ìwé, ìwọ fúnra rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún orúkọ náà. Bébà tí ẹ̀rọ bá gé kù, tí àwọn yòókù ń dà nù, òun á kó o sínú àpò, á gbé e relé.

Orí tábìlì ìdáná ló ti ń fi wọ́n ṣayé. Páálí ẹyin ló fi ń po ọ̀dà olómi. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló fi ń wọ́n ọ̀dà bí òjò winniwinni, ife tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́ ló sì fi ń bu omi. Ó ń gé òdòdó láti ara bébà, ó ń ṣe káàdì, ó ń kọ lẹ́tà gbàgàdà-gbàgàdà tí ìrù wọn ń ká bí ìtàkùn. Inú rẹ̀ máa ń dùn débi pé á máa bá bébà sọ̀rọ̀. Á ní, "Dúró jẹ́ẹ́, ìwọ yìí," á sì fi ìka tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Eré kan wà tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù. Á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu àbẹ́là funfun kó mú bíi pẹ́ńsù, á sì fi kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí bébà funfun. Ojú kò ní rí nǹkan kan. Á wá fún ọmọ náà ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà. Bí ọ̀dà bá ṣe ń kọjá ni orúkọ á máa yọ ní funfun, nítorí omi kì í mú ibi tí àbẹ́là bá ti gbà. Àwọn ọmọ á pariwo títí aládùúgbò á fi gbá ògiri.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó ti eré yìí rí. Ó ń tún fíríìjì ṣe láti ilé dé ilé, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló sì ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Èèyàn jẹ́jẹ́! Tó bá wọlé tó bá bébà lórí tábìlì, á fi apá gbá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Á fi bàtà tẹ òdòdó pa. Káàdì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ mẹ́ta kọ, á fà á ya sí méjì, á tún fà á ya sí mẹ́rin. Lẹ́yìn bébà, ara ẹ̀gbọ́n mi ló kàn. Ìgbànú, ìdí ìkòkò, wáyà tó fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó di irun rẹ̀ mú, ó fi ojú rẹ̀ gbá etí tábìlì, ẹ̀jẹ̀ sì kán sínú páálí ẹyin, ó dàpọ̀ mọ́ ọ̀dà pupa. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ilé ìwẹ̀ lòun ti ṣubú. Mo bi í pé irú ilé ìwẹ̀ wo ló ń gbá èèyàn lẹ́nu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bébà tó bá ní àwọ̀ nìkan ni ọkọ rẹ̀ máa ń ya. Kì í fọwọ́ kan èyí tó funfun, nítorí lójú tirẹ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Kì í ṣe àṣìṣe o. Ó di ọwọ́ náà mú mọ́ férémù, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Ìka mẹ́ta ló kán. Ó ní, "Jẹ́ kí n rí ohun tí wàá fi kọ̀wé mọ́." Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, dúró níbẹ̀ ó ń wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì fa ọmọ, ó ki fáìlì kan bọ abíyá, ó sá wá sílé mi. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ dáná sun ọkọ̀ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jókòó, kí n wá ọ̀dà fún ọmọ kó máa fi ṣeré.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà dé, tòun ti ìyá rẹ̀. Màmá Tísà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú, àwọn ni wọ́n sì ni ilé tí tọkọtaya náà ń gbé. Wọ́n wá mú ọmọ lọ ni.

"Màmá, mi ò fọwọ́ kàn án rí," ọkùnrin náà wí. "Afẹ́fẹ́ ló ti ilẹ̀kùn. Orí ẹ̀ ló ń dàrú. Gbogbo bébà tó ń gé kiri yẹn ló fà á."

Màmá Tísà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyàwó mi, mo ti gbọ́ tiẹ̀. Tìẹ ńkọ́? Ta ló rí i? Tí o ò bá ní ẹ̀rí, ọmọ á bá mi lọ lónìí, títí ara rẹ á fi balẹ̀."

Ọmọ ọdún márùn-ún ló rí i, ta ló sì fẹ́ gba ẹ̀rí ọmọ ọdún márùn-ún? Mo mọ̀ pé tí ọmọ yẹn bá fi lè kọjá ẹnu ọ̀nà mi, ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀lé e padà sínú ilé yẹn, òkú rẹ̀ ni wọ́n á sì gbé jáde.

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mà," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó fi ọwọ́ òsì ṣí fáìlì náà sórí tábìlì. Bébà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn funfun báláú. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ ọmọ, ó wò mí, ṣùgbọ́n kó tó lanu, ọkọ rẹ̀ ti bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí i, Màmá? Òfìfo! Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ká tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ìbínú. Ó gbé ife tí ọmọ fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, omi pupa kíki ló wà nínú rẹ̀, ó sì dà á lu bébà àti àyà ẹ̀gbọ́n mi. "Kọ èyí náà sílẹ̀!"

Omi náà ṣàn lọ lórí àwọn bébà. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, funfun nínú pupa, ìrù wọn ká dáadáa.

"Orúkọ ń yọ!" ọmọ kígbe, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó rò pé eré wa ni.

Màmá Tísà fi awò sójú, wọ́n sì ń kà á sókè bí ẹni ń ka iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì. "Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì. Ìgbànú. Ó ní ọbẹ̀ tutù." Wọ́n mú òmíràn. "Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún. Etí tábìlì. Eyín méjì." Wọ́n mú òmíràn. "Ọjọ́ ìbí ọmọ. Wáyà. Ọmọ rí i." Wọ́n mú òmíràn. "Ọjọ́ kẹta, oṣù keje. Mo pe Màmá. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, pé kò sí ọkùnrin tí kì í bínú." Wọ́n fi ìka tẹ orúkọ wọn lórí bébà náà.

Ọkùnrin náà fò mọ́ bébà láti fà á ya. Mo dí i lọ́nà, ló bá fún mi lọ́rùn mọ́ ògiri, ojú mi ń ṣú. Mo ti sọ fún yín pé èmi kì í ṣe oníwàpẹ̀lẹ́. Ọmọrí ìkòkò ni ọwọ́ mi bà. Mo fi gbá a níwájú orí, mo tún fi gbá a, títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. N kò kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Màmá Tísà kò wo ẹnì kankan nínú wa. Bébà kan ṣoṣo ló kù tí omi kò dé. Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n tì í bọ ọ̀dà, wọ́n sì fà á láti òsì lọ sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé. Èyí, wọn kò kà á sókè. Èmi ni mo yọjú kà á léjìká wọn: "Tí mo bá kú, kì í ṣe ilé ìwẹ̀ ni mo ti ṣubú."

Wọ́n na ọwọ́ sí ọmọkùnrin wọn. "Kọ́kọ́rọ́ ilé mi."

"Màmá, ẹ gbọ́ mi ná..."

"Kọ́kọ́rọ́! Ìyàwó mi àti ọmọ ẹ̀ ló ń gbébẹ̀ láti òní lọ. Tí mo bá rí ẹsẹ̀ ẹ ládùúgbò yẹn, èmi fúnra mi ni màá kó àwọn bébà yìí fún ọlọ́pàá."

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó jáde, ẹ̀jẹ̀ ń kán tẹ̀lé e. Ọmọ ló ṣa kọ́kọ́rọ́ náà, nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò lè di nǹkan mú.

Ìka kan kò tọ́ mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé báyìí. Mo ní ó jọ pé adìyẹ ló kọ ọ́, ó sì ju búrọ́ọ̀ṣì lù mí. Ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí kò ju nǹkan lu ẹnikẹ́ni rí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kí Màmá Tísà tó lọ, wọ́n tọrọ nǹkan kan. "Fún mi ní èyí tí mo wà nínú ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ, mà, kí n ká a fún yín," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Má ká a."

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, omi pupa ń kán sórí bàtà wọn, wọ́n sì gbé e bẹ́ẹ̀ gba àárín ìgboro lọ sílé. Ó ṣì wà lára ògiri yàrá wọn dòní, níbi tí àwòrán ọmọkùnrin wọn wà tẹ́lẹ̀.