Twyla Tú Àṣírí Àbúrò Rẹ̀

Kò sí ohun tí Twyla Hendershot kì í ṣe bí ó ti yẹ. Ó parí girama láìpa ọjọ́ kan jẹ, ó sì ń to ápù sínú páálí nílé iṣẹ́ létí odò Columbia kó lè rí owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa san. Colby, àbúrò rẹ̀, sá nílé ẹ̀kọ́ títí wọ́n fi lé e. Èrè ìsáǹsá rẹ̀ ni pé wọ́n mú un sínú ètò tí irú wọn fi ń parí girama nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá wọn pe gbogbo ẹbí tó wà ní Spokane láti ròyìn pé Colby ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti di ọdún kejì tí Twyla wà níbẹ̀. Kò pe ẹnìkan.

Kíláàsì àròkọ kan náà ni wọ́n wá bára wọn. Àwọn ọmọ ètò náà máa ń jókòó láàrin àgbà, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Colby ti gba ìkìlọ̀ ìkẹyìn: bó bá tún pa kíláàsì jẹ, ètò ti parí fún un nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ka àròkọ Colby sókè. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ara Twyla kò gbà á.

“Ẹ rọra pàtẹ́wọ́ o,” ló wí. “Ọmọ girama ni. Wọ́n lé e ni.”

Ó gbàgbé pé nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tiwa, ẹni tí kò tíì já ilé ẹ̀kọ́ kan jù sílẹ̀ rí kò wọ́pọ̀. Vern, awakọ̀ tírélà tó ti hu irun funfun, pariwo:

“Girama kẹ̀? Èmi tí wọ́n lé níbi mẹ́ta! Ọmọ, wá bá mi ka tèmi wò, jọ̀ọ́!”

Ẹ̀rín bú. Colby kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ tí kíláàsì tún pé, kò dìde lórí ibùsùn. Ohun tí Twyla ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí ti fẹ́ ṣẹ. Ó kàn ní kó wakọ̀ lọ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

“Dìde.”

“Kí wọ́n tún lè fi mí rẹ́rìn-ín?”

“Wọn ò fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀dẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ẹ ni. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.”

Colby yíjú sí i. “O ń jowú mi? Èmi?”

“Wọ bàtà ẹ kí n tó yí ọkàn padà.”

Ó wọ̀ ọ́. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Vern ti gbé àpò rẹ̀ lé àga kan níwájú de Colby. Twyla wò yíká bóyá ẹnìkan gba àyè sílẹ̀ fún òun náà, lẹ́yìn náà ó kọjá lọ sẹ́yìn, ó wá ibi jókòó sí.