Ọkọ̀ Arúgbó Tó Ṣì Ní Eyín

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Dagenham, àdúgbò tí a ń gbé ní London, ni pé ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà kan ní Èkìtì, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù tí mo wọ̀ já lórí òkè, ó sì fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lú wa títí ó fi wọ oko kòkó. Mo yè é, ṣùgbọ́n àyà mi ò tíì mọ̀. Láti ìgbà náà, n kì í wọ ohunkóhun tó bá ń gun òkè.

Nígbà tí ìyàwó mi pé àádọ́ta ọdún, ó ní ẹ̀bùn kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí n bá òun lọ sí Switzerland, ká wọ ọkọ̀ ojú irin gun òkè, ká jọ gbàdúrà lórí ibẹ̀. Ó fi àwòrán ọkọ̀ pupa kékeré kan hàn mí nínú fóònù.

"Kí ló ń gbé e gòkè?"

"Iná mànàmáná ni, Dádì."

"Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?"

"Níbo? Ní Switzerland?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Ó ní eyín nísàlẹ̀. Òun ló fi ń di irin eléyín tó wà láàárín ojú ọ̀nà ẹ̀ mú, kò lè yọ̀."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi iná gun òkè."

"Mọ́mì! Bàbá mi ò tíì pé ọgọ́rin tí eyín ẹ̀ fi tán lẹ́nu!"

"Wọ́n ti pààrọ̀ eyín ẹ̀."

"Eyín àtọwọ́dá wá ni?"

Ó pa fóònù. "Ó dáa. Àbúrò mi tó ń gbé ní Rush Green á bá mi lọ. Ẹ jókòó ti Dagenham yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo rọra béèrè bóyá iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà.

"Ẹ̀yìn ló wà. Ó ń ti àwọn èrò gòkè ni."

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀: bí a bá máa ṣubú, òun ni yóò ṣíwájú.

A lọ. Mo di ojú mi láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìyàwó mi gbàdúrà, ó kọrin, ó sunkún ayọ̀. Ìgbà tí a fẹ́ pa dà ni mo rí i pé ìgòkè nìkan ni mo béèrè, n ò béèrè ìsọ̀kalẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní n ò wọ ọkọ̀ mọ́.

Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí.

"Ẹ fara balẹ̀. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ síbí."

Ọkọ̀ kan lọ, òmíràn sì lọ. Òtútù ń gbá wa létí. Nígbà tó yá, ó ní, bí ẹni ń bá òkè sọ̀rọ̀:

"Gàrí àti ẹ̀pà tí mo gbé wá láti ilé wà ní hòtẹ́ẹ̀lì o."

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó kàn.