Òkúta Tí Mo Ṣe fún Màmá Àgbà

Òórùn iyanrìn tútù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé gbé mi padà lánàá sí Attécoubé, àdúgbò tí mo ti ṣe kékeré.

Àìsàn ò jẹ́ kí ìyá àgbà mi fọwọ́ kan omi. Òkúta grès, ìyẹn òkúta oníyanrìn, ni wọ́n máa ń gbọ́wọ́ lé, tí wọ́n á fi ọwọ́ náà pa ojú, láti fi ṣe àlùwàlá dípò omi, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Àmọ́ tísà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé iyanrìn tí omi rin, tí ẹrù tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bá pẹ́, á di grès! Mo sáré ki iyanrìn ọ̀sà sínú agolo tòmátì, mo gbé ọlọ lé e, mo jókòó tì í kó lè pẹ́. Nígbà tí ìrun Àsárì tó, mo dojú agolo délẹ̀, mo ṣí i. Ó dúró!

"Màmá, ó ti di òkúta!"

Wọ́n gbọ́wọ́ lé e, ó wó. Wọ́n fi ọwọ́ náà pa ojú, wọ́n kírun.

Mo ti wá mọ̀ pé iyanrìn lásán ti tó wọn fún àlùwàlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kírun tán, wọ́n ké sí gbogbo ará ilé: "Ẹ wá wo òkúta tí ọmọ mi ṣe!"