Àáró Ìwé ní Ọ̀tan-Ilé

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ìyá mi máa ń pè mí ní Tíṣà. Bá a bá ti kúrò ní kíláàsì, mo tún ti di "ìwọ ọmọ yìí" nìyẹn, màá sì gbé korobá lọ pọnmi. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sì gbé mi padà sí Ọ̀tan-Ilé wa láti máa kọ́ àwọn ọmọdé. Wọ́n ní kí n tún máa kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí bàbá mi tó ti dolóògbé wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń nù ún, kò sì lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gba tòun kóun tó kú, kóun gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo le nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo to àwọn ìyá ọlọ́mọ sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú wo síléètì ẹnìkejì. Bí mo bá bi ẹnì kan ní ìbéèrè, á máa wolẹ̀, ojú á máa tì í. Kò pé oṣù kan tí kíláàsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Inú bí mi, mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìyá àgbà kan tó ń hun ẹní ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, ọ̀lẹ kọ́. Ta ló ń dá ṣe irú uṣẹ́ yìí? Ṣé o ò mọ àáró ni?"

Mo mọ àáró. Oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́tùn-únla, títí tá a fi kárí. Láìbi mí, wọ́n pín ara wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ohun tí mo bá kọ́ wọn lọ́jọ́bọ̀, wọn á gbé e lọ sílé ọ̀kan nínú wọn, wọn á máa bá a bẹ gbágùúdá, ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó di ilé ẹlòmíràn. Ògiri ilé ìdáná wa dúdú fún lẹ́tà tí wọ́n fi èédú kọ. Mo kùn títí, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kún padà. Ìyá mi ló kẹ́yìn nínú gbogbo wọn. Lẹ́tà tó bá mọ̀ lónìí, á ti sọ ọ́ nù lọ́la, àwọn mẹ́ta yòókù kò sì jẹ́ kó sinmi. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, inú mi á sì dùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò ìwé ẹ̀rí, ọ̀gá alábẹ̀wò kan wá láti Iléṣà, ọmọ Òṣogbo ni, fìlà rẹ̀ funfun báláú. Mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́ sókè. Kí n tó tún un kà, ìyá ahunní ti kọ tirẹ̀ tán, ó ti di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú, ó ń bá a tọ́ pẹ́ńsùlù sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ń ṣe. Wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́.

Ọ̀gá lu tábìlì. "Wàláhì, olè gbangba nìyí! Ìwé ta ni kí n gbà báyìí?" Ó kó gbogbo bébà jọ.

"Olè kẹ̀?" Ìyá ahunní dìde. "Ẹni tó bá kọ ebè tirẹ̀ tán, ṣé kó jókòó máa wo ẹnìkejì ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó ní ìjọba kì í fún ẹgbẹ́ níwèé ẹ̀rí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Bí ẹnì kan bá lè dá kọ ọ́ lójú òun, òun á tún ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. "Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wá."

"Rárá o," ni ìyá ahunní wí. "Ẹni tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ mú. Bóun bá mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ ara wọn da omi nù?

Ìyá mi bọ́ síwájú, ó jókòó, ó tún gèlè dì. Ọ̀gá pe gbólóhùn kan fún un: "Òjò rọ̀ sí oko wa lánàá." Ìyá mi kọ ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, ó dúró. Àwọn obìnrin tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó húkọ́ nínú wọn. Ìyá mi gbójú sókè, ó wò mí tààrà, ó sì yára gbójú kúrò. Ó tẹrí mọ́ bébà, ó ń kọ, ìlà náà ń dà lọ sísàlẹ̀. Ọ̀gá kà á sókè, ó tún un kà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

Ariwo sọ. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ọ̀gá tó gbọ́ ti àwọn yòókù tán.

Lọ́nà ilé, bá a ṣe kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi yíjú sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo rí ẹnu rẹ."

"Ẹnu kí ni, Màmá?"

"O ń fi ẹnu pe lẹ́tà sí mi. Ìwọ tó o fi odindi ọdún kan lé wa kiri pé ká má wo ti ẹnìkejì."

Mi ò lè sẹ́. Mo ní kó má bínú.

"Mi ò wò ó," ó ní. "Bí mo bá gbà á lẹ́nu rẹ, ṣé mi ò ti sọ àwọn tó ní kí n bọ́ síwájú di onírọ́?"

Ó mú mi lọ́wọ́, a ń lọ. Àáró tiwọn ni àwọn obìnrin yẹn ń ṣe ní gbangba. Nínú gbogbo àwa tá a wà ní yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo fẹ́ jalè.