Àwọn Àlejò Tó Wá Gba Ìlérí Bàbá Mi

Bàbá mi kò lè rí máìkì kó má gbà á. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò wa ní Ìlódè ń kówó jọ láti ra oúnjẹ fún àwọn tí ọ̀wọ́n gógó ọjà ti sọ di ẹni tó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, òun ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun yóò san owó àpò ìrẹsì mẹ́ta. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá mi, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà, kò pàtẹ́wọ́, nítorí ó mọ ọkọ rẹ̀.

Àjọ aláàánú kan ti ṣèlérí fún àwọn obìnrin náà pé iye yòówù tí wọ́n bá kó jọ, àwọn yóò fi irú rẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n owó tó bá ti wọ báńkì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí nìkan ni wọ́n máa kà, wọn ò ka owó ẹnu. Bí bàbá mi kò bá san tirẹ̀, àpò mẹ́ta lọ, mẹ́ta mìíràn tí ì bá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà sì lọ.

Ìyá mi bá a sọ ọ́ nílé. Bàbá mi ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lọ́wọ́ òun kò tíì sanwó ilé. Irọ́ gbuu ni. Èmi gan-an ni wọ́n fún lówó náà pé kí n bá wọn gbé e fún un.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi ṣí i, ó bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, tó wé gèlè, tí obìnrin mẹ́rin tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Àwa ẹgbẹ́ obìnrin la ní ká wá kí yín."

"Mọ́mì, kí ló dé? Ṣé kọ́kọ́rọ́ yín sọnù ni?" bàbá mi bi í.

"Kì í ṣe ìyàwó yín ló wá, sà. Alága ẹgbẹ́ ni."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Bàbá mi béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọ̀nà ilé ìdáná. Alága ẹgbẹ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Bàbá mi wá pè mí. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni, ara mi ò yá tó báyẹn rí.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí àlejò kúrò nílé rẹ̀ láìjẹun, ìyá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wọ ilé ìdáná. À ń gbọ́ tí ìdérí ìkòkò ń já lulẹ̀, àwọn àlejò ń fi ìbòrùn bo ẹnu. Ó gbé iṣu àti ẹyin díndín jáde. Wọ́n jẹ, wọ́n yìn ín, wọ́n sì béèrè bóyá irú rẹ̀ náà ló máa sè lọ́la tí àwọn bá tún wá.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ìyá kan tó ń ta ata, kò jẹ ju ẹyọ iṣu kan lọ. Ó yọ ọ̀rá jáde, ó rọra ń kó ìyókù sí i. Bàbá mi rí i.

"Màmá, ṣé iṣu náà ò jinná ni?"

"Ó jinná, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ọmọ mi ò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀ ni."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá mi sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ pé, "Màmá ti san tiwọn, sà."

Ojú ti bàbá mi. Ó wọ yàrá, ó kó owó ilé náà jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún alága ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló kó gbogbo iṣu tó kù sínú abọ́ onídèérí, ó ní kí n bá Màmá gbé e délé. Kò béèrè bí orí mi ṣe ń ṣe mí. Àwọn yòókù forí lé báńkì.

Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi ti tú gèlè, ó ń sọ fún un pé owó ti wọlé, mẹ́ta ti di mẹ́fà. Kò jọ pé bàbá mi ń gbọ́. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ náà ti jẹun. Mo ní n kò tíì wọlé tán tí wọ́n fi gba abọ́ lọ́wọ́ mi.  Gàárì ni èmi àti bàbá mi jọ mu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, alága ẹgbẹ́ ló bá wa bu omi sí i.