Ọjọ́ Tí Mo Dá Sí Ọ̀rọ̀ Béésìbọ́ọ̀lù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara mọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, ọ̀rọ̀ ńláńlá ò sì sí lẹ́nu mi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò kì í sọ tó báyìí, torí ojú máa ń tì mí láàárín èèyàn.

Sugar Land, nítòsí Houston ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn. Dádì àti Mọ́mì ni mò ń pè wọ́n, bí àwọn ọmọ wọn ṣe ń pè wọ́n. Ní àdúgbò wa, ẹni tí kò bá lè wa mọ́tò, bí ẹlẹ́wọ̀n tó ní fíríìjì ló rí. Mò ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní daycare kan. Mọ́mì ló ń gbé mi lọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ọsibítù bá gbé wọn jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, màá dúró de ẹni tó bá ṣàánú mi. Mo ti gba káàdì tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́tò tipẹ́, Dádì ló kù kí wọ́n jókòó tì mí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni wọ́n máa ń wí. Èmi fúnra mi ò sì bi wọ́n rí. Mọ́mì ló máa ń bá mi bẹ̀ wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Dádì tan tẹlifíṣọ̀n sí béésìbọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ wọn kan, dókítà tó ń gbé ní Fulshear, tẹ̀ lé wa wálé. Wọ́n fi ọdún díẹ̀ ju Dádì lọ, ìdí nìyẹn tí Dádì fi ń pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n. Sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, Dádì sì ti dé fìlà ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù Houston lé tiwọn. Mo gbé gúgúrú àti ẹ̀pà sílẹ̀, mo fẹ́ padà sí kíṣìnì, ni Mọ́mì bá ní kí n jókòó.

"Dádì, mọ́tò ọmọ yìí ńkọ́?"

"Tí àwọn tiwa bá borí lónìí, àárọ̀ ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Tí wọn ò bá borí, ó di ìgbà tí ìdíje ọdún yìí bá parí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbọ́ o," Mọ́mì ní. "Ẹ̀yin lẹ́rìí."

Bí béésìbọ́ọ̀lù ṣe kàn mí nìyẹn.

Abala mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń gbá. Wọ́n gbá a tán, ọ̀mì ni, wọ́n bá fi kún un. Ní abala kẹwàá, àwọn àlejò, ìyẹn ẹgbẹ́ kejì, ò rí nǹkan kan mú, ó wá kan àwọn tiwa. Òfin ìsinsìnyí ni pé tí wọ́n bá ti fi kún un, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹnì kan sórí béèsì kejì, láìjẹ́ pé ó gbá nǹkan kan. Bí ẹni yẹn bá ti lè sáré gba béèsì kẹta kọjá délé, ìyẹn ibi tí ẹni tó mú igi ń dúró sí, a ti borí.

"Ta ló gbé ìyẹn débẹ̀?" Mọ́mì bèèrè. "Ó jọ pé ó lẹ́ni lókè."

Dádì ti dìde. "Bọ́ńtì! Kí wọ́n ní kó ṣe bọ́ńtì!"

Bọ́ńtì ni pé kí ẹni tó mú igi má fi agbára gbá a, kó kàn rọra fi igi tọ́ bọ́ọ̀lù náà kó balẹ̀ síwájú rẹ̀. Wọ́n á lé òun jáde, àmọ́ ẹni tó wà ní béèsì kejì á ti dé ìkẹta.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ fi èèyàn ṣòfò?" Gúgúrú kún ẹnu Ẹ̀gbọ́n. "Tí wọ́n bá ti lé ẹni mẹ́ta jáde, àyè wa tán, ẹ wá fẹ́ fi ọ̀kan tọrẹ. Ẹ jẹ́ kó gbá a!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọmọ yẹn ò gbá nǹkan kan látàárọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń nà."

"Ìyẹn gan-an ni mo fi ní kó gbá a. Ó ti kàn án."

"Ó ti kàn án? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ fún àwọn aláìsàn yín?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí gúgúrú fẹ́rẹ̀ẹ́ pá wọn lórí. Mọ́mì ní, "Ẹ bi ọmọ yìí. Òun lọ̀rọ̀ kàn."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí àgbàlagbà méjì bá ń jiyàn, ọmọdé kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Mo wolẹ̀. "Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ, sà."

"Rárá o!" Dádì pariwo. "Kò sí ìyẹn nínú bọ́ọ̀lù. Mú ọ̀kan!"

Èmi ni àkọ́bí màmá mi. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àwọn àbúrò mi lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n sì tẹ̀ síwájú, inú mi dùn sí i. Àmọ́ mo wo ọmọkùnrin tó mú igi dání yẹn, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lé e jáde nítorí ẹlòmíì.

"Kó gbá a," mo ní. Ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ẹ gbọ́ ọ!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́.

Àfi bí ẹni pé wọ́n gbọ́ wa níbẹ̀, kò ṣe bọ́ńtì. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà dún kòó, ó sì wọ inú ìbọ̀wọ́ alátakò kan lọ tààrà kó tó balẹ̀. Tí wọ́n bá ti hán an bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà ní béèsì kejì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, òun sì ti sáré síwájú. Kó tó padà, bọ́ọ̀lù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn méjèèjì jáde. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn náà ò rí nǹkan ṣe.

Dádì rọra jókòó. "Ẹ wò ó, ọmọ yìí ti fẹnu ara rẹ̀ gbá mọ́tò rẹ̀ nù."

"Èrò rẹ̀ ò burú," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹni tó mú bọ́ọ̀lù yẹn ló dúró síbi tí kò yẹ."

"Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró sí, Ẹ̀gbọ́n!"

Ní abala kọkànlá, àwọn àlejò rí ọ̀kan mú, àwọn tiwa ò rí. Ó parí. Iyàn bọ́ńtì yẹn ni wọ́n jà dé ìdí mọ́tò Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ń jà á lójú fèrèsé mọ́tò. Mọ́mì fọwọ́ kàn mí léjìká. "Fọkàn balẹ̀, màá tún bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti fẹnu ara mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilé ò sì wó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Dádì tó jáde lọ síbi iṣẹ́, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn, mo wọ gáréèjì, mo jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó, mo sì de bẹ́líìtì. Mi ò tan mọ́tò. Nígbà tí wọ́n yọ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, bẹ́líìtì ò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀. Mo kí wọn níjòókòó, "Ẹ káàárọ̀, sà," mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ẹni tó ń kọ́ mi á jókòó, mo sì bá wọn ṣí ilẹ̀kùn.