Òjé Tí Bàbá Gé Kúrò Létí Àwọ̀n

Òjé ti yọ́ nínú agolo, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. "Bọ́ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ìyá mi," ni bàbá tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀jọ́ sọ fún mi. "Èéfín òjé kì í ṣe èéfín ìdáná." Èmi ọmọdébìnrin tí ò tíì lè ru omi dáadáa ni wọ́n ń pè ní ìyá. Wọ́n rọra da òjé náà sínú ihò amọ̀ gbígbẹ, a jókòó sétí ọ̀sà, à ń retí kó tutù.

Kí bàbá tó di apẹja, òjé ni wọ́n lọ wà nínú kòtò lọ́nà Abakaliki, àwọn àti àwọn ọ̀dọ́ kan láti agbègbè wa. Bàbá ò mọ̀wé. Òjé kọ̀ọ̀kan tó wà létí àwọ̀n wọn, tó ń fà á rì sómi, ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ walẹ̀ ló dúró fún, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé àmì rẹ̀ sí i. Tí wọ́n bá ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á fi ìwà kún un. "Ọlọ́wọ́ òsì lèyí. Èyí ń hanrun bí ẹ̀rọ ata. Èyí kì í jẹ ẹ̀bà tútù." Èmi náà á máa pè é tẹ̀ lé wọn. Tí mo bá fo ẹnì kan, wọ́n á ní, "O ti gbàgbé èèyàn sábẹ́ ilẹ̀. Padà sẹ́yìn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan wá láti Ìbà. Inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà tí bàbá rẹ̀ fi lọ wa òjé, tí kò sì padà. Ó ní wọ́n ti bá òun yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wò, orúkọ bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

"Ilé ti fẹ́ wó lé ìyá mi lórí, bàbá," ló wí. "Wọ́n ní àwọn ò kúrò, pé tí ọkọ àwọn bá dé, ibo ló ti máa rí àwọn? Alaalẹ́ ni wọ́n ṣì ń bo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀."

Bàbá béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ó dá a, wọ́n bá fa àwọ̀n mọ́ra. Àtàǹpàkò wọn lọ, ó lọ, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ló forúkọ sílẹ̀," wọ́n ní. "Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń rọbí, bàbá ẹ bá wọkọ̀ dípò rẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Kòtò ya lulẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sin ín, lábẹ́ igi ìrókò kan. Nígbà tí mo dé, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n. Ó ní ẹnu ẹbí ló yẹ kí ìyá ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀, kí n fi sílẹ̀ fún òun."

"Wọn ò sọ ọ́, títí wọ́n fi kú," ni obìnrin náà wí.

"Mo rò pé ó ti sọ ọ́. Èmi ni ò padà lọ wò."

Wọ́n gé òjé náà kúrò, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. "Sọ fún ìyá ẹ pé ẹni tó sin ín ló fi ránṣẹ́." Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, ìyá náà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ẹja wá ń gba ibi tí òjé ò sí mọ́ sá lọ. Mo ní ká yọ́ òmíràn. "Fi sílẹ̀," ni bàbá wí. "Kó máa rán mi létí pé kí n máa padà wò."

Èmi ni wọ́n fi àwọ̀n náà sílẹ̀ fún, ara ògiri mi ní Okokomaiko ló wà. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó ń wá ìtàn àwọn awakùsà àtijọ́ ya ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà Abakaliki sínú fóònù wá. Ó ń ka orúkọ, èmi ń fọwọ́ wá wọn létí àwọ̀n. Nígbà tó ka orúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn, àtàǹpàkò mi bọ́ sójú òfìfo.

"Kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i," mo ní. "Òun ló lọ."

"Mo ti gbọ́, màmá."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kó ṣí i kí n rí i. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìlà kan ti kún un, lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn.